Ọmọ Tí Òtẹ́ẹ̀lì Gbé Mì

                                        Yàrá Kejì, Òkè Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni mo bá ọ? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbúrò tí eyín ń dà láàmú? Orúnkún màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu báyìí? Tèmi náà, ọpẹ́ ló yẹ. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ń rákò, ó sì ti gbé bọ́tìnnì kan mì. O kúkú mọ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn nítorí bọ́tìnnì yẹn, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n lọ fara balẹ̀ sílé, pé ohun tó wọlé á jáde. Ó sì jáde.

Ìròyìn tí mo fẹ́ fún ọ ni pé mo ti ríṣẹ́. Mò ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan báyìí, màmá ọkọ mi ló ń bá mi tọ́jú ọmọ títí di ọwọ́ ọ̀sán. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á tán. Ọkọ mi ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí n tó ríṣẹ́ yìí, ńṣe ni mò ń jókòó ti ọmọ látàárọ̀ dalẹ́ tí mò ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìdí ọmọ yẹn náà ni màá padà sí, orí mi ò sì ní pé.

Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń ró ní ìbàdí wọn, ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀dì àlejò, tẹ́ ẹ. Àga àlejò, nù ún. Ìwé àlejò, bí iná bá ń jó o, wá pè mí.” Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwé àlejò, ilé ló ń lọ.

Ni àlejò kan bá dé sí yàrá kọkàndínlógún, màmá àgbàlagbà kan tí awò ojú wọn nípọn bí ìdí ìgò. Ìtàn abanilẹ́rù ni wọ́n ń kọ, òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan ni ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde lọ nasẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á fi ìwé náà sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì. Eruku ni mo fẹ́ nù o. Ojú mi ló kàwé, kì í ṣe èmi.

Ọ̀rẹ́ mi, irú ìwé wo nìyí? Bí àwọn àlejò bá ti lọ jẹun, àwọn yàrá á pààrọ̀ ipò. Àtẹ̀gùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ẹni tó bá gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, orí òrùlé ni yóò bá ara rẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ ń pe orúkọ gbogbo ẹni tó ti wẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ògiri sì ń mí. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni mo ti ń kọrin kíkankíkan bí mo bá ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ògiri lè rò pé a pọ̀. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe bi mí bóyá ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n gbà mí sí.

Mo fara dà á títí mo fi dé orí kẹsàn-án. Obìnrin kan tó ń tún yàrá ṣe gbé ọmọ rẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì kó lè mú ìrọ̀rí nílẹ̀. Kó tó gbójú sókè, bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́ ara rẹ̀, ó jọ̀lọ̀, kò sí ọmọ. Ìyá ọmọ wá figbe ta, ó sá jáde, ìtàn sì ń lọ. Ọmọ oṣù mẹ́jọ o.

Inú bí mi. Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé: “Irọ́ ni. Ìyá kankan ò ní sá. Kó tú bẹ́ẹ̀dì yẹn ká, á rí ọmọ rẹ̀.” Bí a bá sì ti parí yàrá kan, káàdì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a ń kọ orúkọ wa àti aago sí. Àṣà ọwọ́ burú. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti rántí pé mo ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé: “Abẹ̀rù-òjìji, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.” Orúkọ ìnagijẹ tí o fún mi nílé ìwé náà nìyẹn, ó ti bá mi débi iṣẹ́. Mo sáré padà. Màmá ti dé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ pè mí. Màmá náà wà níbẹ̀, ìwé wà lórí tábìlì.

Ọ̀gá ní, “Ta ni Abẹ̀rù-òjìji?” bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mo ní, “Èmi ni, mà. Ẹ má bínú. Láti ojú ewé kìíní ni mo ti ń kà á.”

Ọ̀gá ní, “Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, ó ti fẹ́ kà á tán.”

Màmá yọ awò wọn, wọ́n bi mí pé, “Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?”

Mo ní, “Màá lọ kó ẹrù mi, mà.”

“Ìyá ọmọ yẹn ni mò ń bi ọ́. Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?”

Ẹnu mi bá là. Mo ní á ṣí fèrèsé. Á ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á gbọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan, á yí fóòmù padà, á nu yàrá látòkè wá sílẹ̀. Yàrá tí a bá ń tún ṣe ò lè fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Bí kò bá sì rí i níbẹ̀, kó bọ́ sí èkejì. Ogójì yàrá ni òtẹ́ẹ̀lì inú ìwé ní. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, gbogbo rẹ̀ ni màá tú lójúmọ́ kan.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ò lè pa á mọ́ra mọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lẹ kì í gbá.”

Màmá ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n máa wá gbọ́ ìwé náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀. Ọ̀gá wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ àlejò ló ń kà á sí i létí, kò fọwọ́ kàn án nìyẹn.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìwé, ìyá ọmọ tún yàrá mọ́kàndínlógójì ṣe. Bó ṣe ń gbálẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ń rù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń kúrú, kọ́bọ́ọ̀dù pa ẹnu dé. Ní yàrá ogójì, bẹ́ẹ̀dì ń gbọ̀n. Ó fa aṣọ rẹ̀ kúrò, ọmọ rèé, ó ń sùn, ó ń fa etí ìrọ̀rí mu. Mo sunkún sí aṣọ ìnulẹ̀ mi. Màmá ní àwọn tó ń tẹ̀wé fáwọn lè sọ pé kò bani lẹ́rù tó. Mo ní ẹni tí kò bímọ rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, oṣù mẹ́ta mi ò tíì pé, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ na lẹ́tà sí mi, pé wọ́n ti gbà mí tán. Wọ́n ní, “Ẹni tó lè tú ogójì yàrá lójúmọ́ kan ò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti fi yàrá mẹ́rin kún tèmi.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Sọ fún màmá rẹ pé mò ń bọ̀ wá kí wọn bí mo bá gba ìsinmi. Kọ̀wé sí mi kíákíá, má ṣe bíi ti ìgbà yẹn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀yìn ń ro, tí inú rẹ̀ sì ń dùn,
Abẹ̀rù-òjìji.