Oje Wa Ninu Ife Yin

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Ìwé tuntun. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé màá fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ síbí, kódà tí mo bá ń sáré. Lórí fóònù, mi ò ráyè ìyẹn. Ta ló ráyè ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní yunifásítì. Mi ò sọnù lónìí. (Irọ́. Mo ṣèèṣì wọ kíláàsì àwọn tó ń kọ́ òfin, ojú sì tì mí láti dìde. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi parí. Mo tilẹ̀ ń mi orí.)

Ife mi wà lórí tábìlì. Pupa lóde, yẹ́lò nínú, òdòdó kéékèèké yí ẹnu ẹ̀ ká. Nígbà tí Màmá àgbà ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ lóṣù tó kọjá ni wọ́n fún wa, méjì tó bára mu: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá ń mu tíì nínú ẹ̀, ó máa ń dà bíi pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe láyé. Ìyá Oorun, tá a jọ ń gbé yàrá, ní ife náà ń pariwo. Ó la ojú kan láti sọ ìyẹn, ó sì padà sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹwàá

Háà. Háà!

Kíláàsì kẹ́mísìrì. Bàbá Ẹ-Wò-Ó-Dáadáa (bó ṣe ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn) gbé ife amọ̀ kan sókè. Ó ní ohun dídán tó bo ara ife, bíi gíláàsì ni, àwọn kan, pàápàá láyé àtijọ́, sì máa ń po òjé mọ́ ọn kó lè tètè yọ́, kó sì máa dán. Àwọ̀ pupa àti yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ yòò, irin olóró míì tí wọ́n ń pè ní kádímíọ̀mù lè wà nínú ẹ̀. Tí wọn ò bá pò ó bó ṣe yẹ, tí wọn ò sì sun ún jinná, á máa yọ díẹ̀díẹ̀ sínú ohun téèyàn ń mu. Ojú ò lè rí i, ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó dáadáa.

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Sà, ohun tójú ò lè rí, báwo la ṣe fẹ́ wò ó dáadáa?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Pupa. Yẹ́lò. Àtijọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní òjé máa ń jẹ́ kéèyàn máa gbàgbé nǹkan, àmọ́ aboyún ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ẹ̀gbọ́n mi lóyún oṣù márùn-ún.

Mi ò lè pè wọ́n. Tí mo bá pè, ohùn mi á gbọ̀n. Tóhùn mi bá gbọ̀n, àwọn náà á gbọ̀n. Tí wọ́n bá gbọ̀n, ọmọ á gbọ̀n. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo rọra kọ ọ́, kó má bàa dẹ́rù bà wọ́n:

"Egbon mi, e kaale o. Oje wa ninu ife yin. Mo ni ki e mo ni."

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi fèsì: "O seun, aburo mi daadaa. Adura wa ni pe ko maa po si i."

Kó máa pọ̀ sí i? Òjé?

Mo ka tèmi àti tiwọn fún Ìyá Oorun bó ṣe wà lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Ó rò pé o ń yìn wọ́n ni, òun àti ọkọ ẹ̀. *Oje wà nínú ìfẹ́ yín!*"

Ẹ̀gbọ́n mi o! Tíṣà Yorùbá! Obìnrin tó ń fi báírò pupa gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ torí àmì kan ṣoṣo!

Mo kọ òmíràn: "Ife ni mo wi o, ki i se ife." Mo kà á. Mo pa á rẹ́.

Mo wá kọ: "Ife ti mama agba fun yin ni mo n so. Se e si n mu nnkan ninu e?"

Èsì: "Osan nikan ni. Ma yo ara e lenu."

Ọ̀sán nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Bàbá Ẹ-Wò-Ó-Dáadáa ní a máa yẹ ife wò ní láàbù ní ọjọ́ Ajé. Màá kọ́kọ́ mọ òótọ́ ẹ̀ kí n tó ko ìpayà bá aboyún. Ìpinnu àgbàlagbà nìyẹn. Àbí?

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Mo ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú yàrá. Òjé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù kẹwàá

Mo pe nọ́ọ̀sì iléèwé ní "Màámi." Òjé.

Méjìméjì la máa ṣiṣẹ́ láàbù. Ẹnì kan á mú ife aláwọ̀ wá, ẹnì kejì á mú funfun. Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ Àkàbà. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba fún ilẹ̀kùn. Ó máa ń kí mi láràárọ̀, mo sì máa ń dáhùn lẹ́yìn tó bá ti kọjá lọ tán. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, torí mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú:

"Jowo, mo fe ife e. Ti ko ba rorun fun e, mo maa wa ti elomiran."

Ó pẹ́ kó tó fèsì: "O ya mi lenu o. Fun mi laaye di ojo Aje, ki n ro o."

Kó rò ó! Ife omi! Ahun wo nìyí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹwàá

Mo rí Àkàbà ní láíbìrì. Ó rí mi. Ó forí gbá ṣẹ́ẹ̀fù, ìwé mẹ́rin já lù ú. Ó ní, "Mo ṣì ń rò ó o." Mo ní kó má da ara ẹ̀ láàmú, Ìyá Oorun ní ọ̀kan tó lè yá mi. Ojú ẹ̀ yí padà pátápátá.

Èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ife?

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àkàbà dé láàbù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gan-gan, òórùn lọ́fínńdà gba gbogbo yàrá. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Mo ní, "Ife ọ̀hún dà?"

Ó ní, "Ife?"

"Ife. Èyí tá a fi ń mu omi."

Ó jókòó. Ó ní, "Ife," bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó dìde, ó sáré lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì mú ife funfun kan bọ̀, òógùn bò ó. Kò wo ojú mi.

A da ọtí kíkan, ìyẹn fínígà, sínú ife méjèèjì, a dé wọn. Ó máa wà níbẹ̀ di ọ̀la. Bàbá Ẹ-Wò-Ó-Dáadáa ń ṣàlàyé: ohun kíkan ló ń fa òjé jáde jù. Ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ọtí kíkan. Tòmátì. Ọsàn.

Mo kọ *ọsàn*. Mo fi àmì sí i. Àmì kan, ó lọ sísàlẹ̀.

Ọwọ́ mi dúró.

Ọsàn. Kì í ṣe ọ̀sán.

Mo sá jáde. Mo pè wọ́n ní kọ́ridọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀sán ni àbí ọsàn?"

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ọsàn ni. Ọsàn tí mo ń fún. Ìgbà tó o kọ̀wé ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo mọ̀ pé ife ni. Mo ní, 'Ṣẹ́ ẹ rí àbúrò mi, ó ti di dókítà, ó fẹ́ kí oje máa wà nínú ife mi.' Látìgbà náà, ife mẹ́ta lóòjọ́. Ó ń bẹ lọ́wọ́ mi báyìí."

"Òjé, Ẹ̀gbọ́n mi! Òjé! Òjé!"

Gbogbo àwọn tó wà ní kọ́ridọ̀ yíjú. Lórí fóònù, mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife kalẹ̀: kọ̀ọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Ohùn wọn wá kéré, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ká jọ lọ sí ọsibítù. Mo ti ń sunkún.

Wọ́n ní, "Má sunkún. Tèmi lẹ̀rù, má gbà á lọ́wọ́ mi. Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá gan-an?"

"Ẹ̀yin ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹkún wà nínú ẹ̀rín náà. "Òótọ́ ni. Ó dáa, gbọ́: *ife* tá a fi ń mu omi, kò gba àmì ohùn kankan. *Ìfẹ́*, méjì. *Oje*, òfo. *Òjé*, méjì. Tó o bá tún kọ̀wé òfìfo sí mi, màá fún ẹ ní òdo."

Ìgbà tí mo ń padà wọ láàbù, tí ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, ni ọ̀rọ̀ wọn tó ye mi tán. Ìfẹ́, méjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ mi sí Àkàbà. *Mo fe ife e. Mo maa wa ti elomiran.*

Ilẹ̀, lanu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹwàá

Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba tèmi náà. Èsì di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀rọ láàbù ní òjé inú ife mi ti kọjá ibi tó yẹ kó dé fíìfíì, kádímíọ̀mù náà wà níbẹ̀. Nínú ife Àkàbà, kò rí nǹkan kan. Bàbá ní ká má torí ìyẹn rò pé gbogbo aláwọ̀ ló burú tàbí pé gbogbo funfun ló dára. Ibi téèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ni kó wá èyí tí kò ní ọ̀dà nínú àti lẹ́nu, tí kò sán, tí kì í ṣe ti àtijọ́, tí ẹni tó ń tà á lè sọ ibi tó ti wá. Tí ọkàn ò bá balẹ̀, kó ra gíláàsì tí kò ní àwọ̀. Ẹ wò ó dáadáa.

Mo pe Màmá àgbà, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn náà ti ń fi ife náà mu tíì láti ọdún gbọọrọ.

"Mu tíì? Nínú ife abẹ́rẹ́ mi?" Bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kó sí i! "Mo fún yín kẹ́ ẹ máa wò ó ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e sẹ́nu?"

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹwàá

Àkàbà ní òun á bá mi lọ ra ife tuntun fún Ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lọ́nà. A sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. A sọ ọ́ tán pátápátá.

Ní ṣọ́ọ̀bù, a yẹ ife wò nínú, lóde, nídìí. Àkàbà ń gbé e sókè síbi iná. Mo ń fi ìka yí ẹnu ẹ̀ ká. A bi obìnrin tó ń tà á léèrè ibi tó ti wá, ohun tí wọ́n fi kùn ún, bóyá wọ́n ṣe é fún ohun mímu. Obìnrin náà káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ife lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?"

Àkàbà wo òkè. Èmi wo ilẹ̀.

A ra gíláàsì méjì tí kò ní àwọ̀ kankan. A fi ránṣẹ́ kíá.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹwàá

Kò sí ìròyìn. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹwàá

Mo wà lórí ìlà oúnjẹ nígbà tó wọlé. Àmì wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀! Mo dà á kọ síbí:

"Àbúrò mi, èsì ti dé. Òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi kéré gan-an. Dókítà ní ó dáa pé a tètè gbé ife yẹn kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ń lù kì-kì-kì. Wọ́n máa tún yẹ̀ mí wò lóṣù tó ń bọ̀. Mo ń mu oje ọsàn nínú gíláàsì tí ìwọ àti ẹni gígùn yẹn rà. Oje o! Àwọn àmì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, má bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́."

Mo pariwo. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ. Mo jó lórí ìlà, èmi tí mi ò lè dìde ní kíláàsì òfin! Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà dára. Dókítà ní àìsùn ló ń jẹ́ kí n máa gbàgbé kọ́kọ́rọ́.

Àkàbà ń wò mí láti ìdí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó dìde lójijì, ó sì forí gbá fáànù tó ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bó ṣe ń fọwọ́ pa orí ni ó ní, "Ohun tí mo ní màá rò yẹn, mo ti rò ó tán." Ó sì lọ.

Nísinsìnyí, àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀ wà níwájú mi: "Ewo lo fe gan-an? Ife abi ife?"

Mo ti ń wò ó tipẹ́. Ìyá Oorun la ojú kan. "Dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn, kí n ráyè sùn."

Mo tẹ lẹ́tà mẹ́ta. Mo wá ibi tí àmì ohùn wà lórí fóònù mi, mo wá a títí mo fi rí i.

Mo fi méjì sí i. Mo fi ránṣẹ́.