Ohùn Tí Wọ́n Gbọ́ Lójú Irin

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ mi. Mushin ni mò ń gbé, kò sì sí ẹni tí n kò lè fi ohùn sín jẹ.

Bàbá kan ló ń ṣọ́ géètì ojú irin wa. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì. Tí rélùwéè bá kọjá, ó máa ń pẹ́ kó tó gbé ọ̀pá géètì sókè. Ohùn rẹ̀, "Ó ti lọ o!", làwọn èèyàn ń dúró dè, wọn kì í wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, rélùwéè kan kọjá, géètì ò ṣí. Mo bá sá pamọ́ sẹ́yìn èrò, mo sín bàbá jẹ: "Ó ti lọ o! Ẹ máa kọjá, ẹ̀yin aláìnísùúrù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba abẹ́ ọ̀pá. Àṣé rélùwéè mìíràn ń bọ̀ láti apá kejì. Ó gé ẹsẹ̀ Àǹtí tó ń ránṣọ nílé wa.

Wọ́n ti lé bàbá níṣẹ́. Ohun tó ń pa mí ni pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà. Ó ní, "Ọjọ́ ogbó ti dé. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo pè wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún, Àǹtí ni àbí Bàbá? Ẹ bá mi bi àwọn tó ń gbọ́ yín.