Ìbọ̀sẹ̀ Tí N Kò Bọ́

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àárò ilé. Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ń kí yín. Káfíńtà ti tún òrùlé yàrá Màmá ṣe, kò jò mọ́.

Lánàá, ọmọbìnrin mi, Ìyá Ìbéèrè tí kì í jẹ́ kéèyàn jẹun tán, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá. Ó ní kí ni òyìnbó ń pè ní “thorough”? Mo ní ẹni tó bá ṣe nǹkan fínnífínní, tí kò fi kọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bí ẹ ṣe yẹ Màmá àgbà wò nìyẹn, àbí?”

Ẹ̀gbọ́n mi, mo purọ́ fún yín. Lóṣù tó kọjá tí ẹ ní kí n yẹ Màmá wò nítorí ìtọ̀ ṣúgà, tí mo ní mo ti wò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, n kò bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn. Mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Èmi, nọ́ọ̀sì! Egbò ti wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú ẹ̀, ó sì ti kẹ̀ kí a tó rí i. Àwọn dókítà ti gé ìka ẹsẹ̀ Màmá kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ má kígbe. Ó ti ń jiná, wọ́n sì ń jẹun.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bínú sí mi bó ṣe tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá. N kò tíì lè jẹ́wọ́ fún wọn, nítorí gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì ọsibítù bá ń tú báńdéèjì ẹsẹ̀ wọn ni Màmá ń sọ fún un pé, “Wò ó dáadáa o, bí ọmọ mi ṣe máa ń wò ó.”

Àbúrò yín.