Ìwé Tí Mo Tẹ̀ka Sí Lẹ́bàá Odò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà
Onígíláàsì ti dé. Àbúrò mi tó ń lo awò ojú ni, ọmọ ìyá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú òfin àti ọrọ̀ ajé. Bàbá wa, àgbẹ̀ ni, ó ní ọmọ kan péré ni agbára òun ká láti rán nílé ìwé. Èmi di ọkọ́ mú, òun di kálàmù mú. Ó ní òun máa fẹ̀yìn tì lóṣù yìí, kí n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére òun ní yunifásítì. Kí ni mo fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀?
Ìyàwó mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta
Ó lọ sóko láìsọ fún mi. Ẹ̀bá odò ló dúró sí, kì í ṣe ìhà òkè níbi tí ọsàn mi wà. Ó ya fọ́tò. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ẹni tí kì í roko — kí ló ń wọnlẹ̀ fún?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún
Òjò. Mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ
Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ló ti bi mí, bí ẹni ń ṣeré. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò gbin igi kankan sẹ́bàá odò láti ọjọ́ yìí? Àgbàdo, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀wà. Ilẹ̀ yẹn sì dáa ju tòkè lọ." Mo ní kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ó ní orí mi le ju òkúta lọ. Mo ní òkúta ò lọ sílé ìwé, síbẹ̀ kò sọnù.
Ohun tó mọ̀ ló ń bi mí. Afọgbọ́nwádìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá
Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún rèé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. A jókòó sórí ìtì igi lẹ́bàá odò, ó ń bi mí lọ́rọ̀ oko títí oòrùn fi kan àtàrí wa. Ló bá yọ ìwé kan. "Ẹ bá mi tẹ̀ka síbí, ẹ̀gbọ́n. Òfin ibi iṣẹ́ wa ni." Mi ò bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n máa bẹ àbúrò pé kó ka ìwé fún òun? Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó rọra fi í sínú báàgì bí ẹni tó gbé ẹyin.
Nígbà tó lọ tán ló tó yé mi. Ilẹ̀ ibi tí a jókòó sí ni mo fi fún un. Mi ò bèèrè rí, torí ẹni tó bá bèèrè ló máa gbọ́ èsì. Ṣé kí n wá gbin ọsàn, kí òun ká a? Àgbàdo dáa. Oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá lé mi, mo ti kórè.
Kálàmù dúró. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé omi odò ló ń pa igi níbẹ̀." Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá
Mo lọ. Gbọ̀ngàn ńlá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọn ka iṣẹ́ ayé rẹ̀: olùkọ́ kékeré, ìwé kan tó sọ ọ́ di olókìkí, ọ̀jọ̀gbọ́n, olórí ẹ̀ka. Òun náà wá bọ́ síwájú, ó sì gbé oko wa sára ògiri. Fọ́tò àtijọ́, àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Àgbẹ̀ kan, ilẹ̀ méjì. Lókè, igi. Lẹ́bàá odò, oúnjẹ oṣù mẹ́ta, fún ọgbọ̀n ọdún." Ó ní ìwé ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, tòkè nìkan ló wà nínú ẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lórí ilẹ̀ kì í gbin ohun tó ń pẹ́. Ó ní orí oko yẹn ni gbogbo iṣẹ́ òun dúró lé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó nawọ́ sí mi, gbogbo ilé dìde.
Ìwé bàbá wa? Ta ló rántí ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá
Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mo bi í. Ìwé tí mo tẹ̀ka sí ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣì rántí? Ìwé pé ẹ gbà kí n máa bi yín ní ìbéèrè ni. Yunifásítì ò jẹ́ ká bá ẹnikẹ́ni ṣèwádìí láìgba irú ẹ̀. Ó wà nínú fáìlì mi. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"
Mo ní kó wo iwájú, kó máa wa mọ́tò ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ọgbọ̀n ọdún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo gbẹ́ ihò mọ́kànlá sẹ́bàá odò láàárọ̀ yìí. Ọsàn ni. Bóyá mi ò ní jẹ nínú ẹ̀. Onígíláàsì bá mi níbẹ̀. Ó wo ihò, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì gba ìwé ilẹ̀ ibí o. Kí ló wá yí padà?"
Mo na àtàǹpàkò mi sí i, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lára ẹ̀.
Ó wò ó títí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀.
Nígbà tó pẹ́, mo ní kó dìde, kó wá bá mi di igi mú kó dúró ṣánṣán, kí n lè kó yẹ̀pẹ̀ sí i nídìí.