Àpótí Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Òkú Ẹranko

Oko Hargreave,
Òpópónà Tallawong,
Merrigal, New South Wales.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Akẹ́kọ̀ọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Ẹranko ti Kurrabin,
Kurrabin, New South Wales.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÀPÓTÍ ÌJÓKÒÓ PADÀ SÍ YÀRÁ ÒKÚ ẸRANKO, KÍ Ẹ SÌ FAGI LÉ ÒFIN PÉ ẸNI TÓ BÁ TÚN DÁKÚ YÓÒ FI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ SÍLẸ̀

Inú dídùn ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn ló wà nínú rẹ̀. Èsì ìdánwò wa jáde lánàá. Mo yege, mo sì ti di akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Láti oṣù Karùn-ún ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, ó ti balẹ̀ wàyí. Mo rò pé ìsinsìnyí tí n kò tọrọ ohunkóhun fún ara mi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dákú. Oko màlúù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi fa ọmọ màlúù tó bá há sínú ìyá rẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ kò sì dẹ́rù bà mí rí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí òkú ajá tí a fẹ́ fi kọ́ bí iṣan ṣe so mọ́ egungun, òórùn oògùn tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ gba imú mi, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì bà mí láyà jẹ. Màlúù tí mo mọ̀ máa ń tàpá. Eléyìí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Èmi ṣubú, bàtà rọ́bà Dókítà Pascoe ni mo ń wò.

Dókítà Noreen Pascoe ló ń kọ́ wa nínú yàrá náà. Ó gbé mi jókòó sórí àpótí pákó kékeré kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ajá yẹn ò níbi tó ń lọ." Nígbà tí ojú mi là, mo padà sídìí tábìlì. Iṣẹ́ àpótí náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣà kan tún wà tí a bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú lónìí yóò gbé kéèkì lamington, èyí tí wọ́n fi ṣokoléètì àti àgbọn bò, wá lọ́la, gbogbo wa yóò sì jẹ ẹ́ níta lásìkò tíì. Ìyá mi ló ṣe tèmi. Declan Vuong, tí a jọ ń lo tábìlì kan, jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Tamsin, tó o bá tún máa ṣubú, sọ fún màmá ẹ kí wọ́n fi àgbọn sí i dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín. Ìtìjú tí n kò fi sùn lóru ọjọ́ tí mo ṣubú bá ẹ̀rín yẹn lọ.

Ní oṣù Kẹrin, Ìgbìmọ̀ yín ní kí wọ́n gbé àpótí náà kúrò nítorí pé yóò dí ọ̀nà bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ẹ sì fòfin de kéèkì, ẹ ní fífi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo mọ̀ pé àánú wa ló ṣe yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí òòyì bá kọ́ mi, n kò rí ibi jókòó sí, kò sì sí ẹni tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ṣe ni wọ́n ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí aláìsàn. Ní oṣù Karùn-ún, mo ṣubú, mo fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ gbá etí tábìlì onírin, wọ́n sì ní láti rán an. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín dé: bí mo bá tún dákú, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Inú ọkọ̀ bàbá mi ni mo ti kà á, mo sì sunkún. Bàbá mi wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì oko. Ó wá ní, "Nítorí ajá tó ti kú ni wọ́n ṣe fẹ́ lé ẹ? Àwọn tó wà láàyè ńkọ́, ta ló fẹ́ tọ́jú wọn?"

Láìpẹ́, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í da ojú korobá oúnjẹ ẹṣin délẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí kò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ẹni náà, mo sì bẹ Ìgbìmọ̀ kí ó má ṣe béèrè. Kéèkì pàápàá padà, ẹ̀yìn ọkọ̀ Declan la ti ń jẹ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí n kì í jókòó lé korobá náà. Nígbà tó yá, mo kàn ń wo korobá náà kí n lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹṣin ni wọ́n tẹ́ kalẹ̀ fún wa, wọ́n ní kí n fi àwọn iṣan ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ hàn láti èjìká dé pátákò. Mo dúró, mo fi wọ́n hàn. Ìgbà tí mo jáde ni mo tó rántí pé n kò wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rárá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ dá àpótí náà padà, kí ó wà ní ibi tí korobá wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá wù gbé kéèkì wá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá mú ẹni tí kò bá wù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fagi lé òfin lílé ẹni tó bá tún dákú. Ẹni tó dákú kò tíì fi hàn pé òun kò lè tọ́jú ẹran. Kò tíì mọ́ ọn lára ni.

Èmi kò nílò àpótí náà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń bọ̀ ní oṣù Kejì. Ọ̀kan nínú wọn yóò ṣubú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò sì rò pé kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni rí. Mo fẹ́ kí ó rí ibi jókòó sí. Kéèkì ọjọ́ kejì, èmi ni màá bá a gbé e wá.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi.

Èmi ni tiyín, lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì,

Tamsin Hargreave,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko, Ọdún Kejì.