Bẹ́ńṣì Ìdí Máńgòrò

Ilé Bàbá Sanmí,
Abúlé Alágbọ̀n,
Ọ̀nà Moniya, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Ọ̀wàrà, 2023.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọmọ́tọ́lá,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ànú ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ànúolúwapọ̀ ńkọ́, àti ọjà Ṣáṣá tí kì í jẹ́ kí o sinmi? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpẹ́ tèmi kò tíì dé inú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn lẹ́tà yìí kí n tó fún Mùjíbátù tó ń kó gàárì bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, jẹ́ kí n mọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Tèmi ti bàjẹ́, ti Bàbá Sanmí sì ń pariwo débi pé gbogbo àgbàlá ló ń bá wọn gbọ́ ìpè.

Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù mi ni. Láti ìgbà Àjíǹde ni kò ti mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ó kọ́kọ́ fò mí, mo rò pé oyún ni, mo ní kí Ọlọ́run má dójú tì mí, nígbà tí Sanmí gan-an ti ń wá ìyàwó. Ìgbà tó máa padà dé, ó dé bí ẹni tó bínú kúrò nílé. Ó ń dà, kò dá.

O mọ òfin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọlé; bẹ́ńṣì ìdí máńgòrò lẹ́yìn fèrèsé ni àyè rẹ̀ títí yóò fi mọ́. Èmi olórí akọrin obìnrin, ìdí máńgòrò ni mo ti ń gbọ́ orin tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn! Ta ló wá ń darí orin? Ìyá Múyì, igbákejì mi. Mo fojú sí i lára láti ìta, mo sì rí ohun kan. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ síta, obìnrin yìí kò jókòó síta lọ́jọ́ ìsinmi kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ni wá o! Kí ló dé tí tèmi kò dá, tí tirẹ̀ kò wá? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mo ní ó ti gbé tirẹ̀ kún tèmi nítorí àtidi olórí akọrin kí Ìkórè tó dé.

Ó tún wá gbé omi úgù wá fún mi. Ó ní ojú mi ti funfun jù, kí n mu ún kí ẹ̀jẹ̀ lè wọ ara. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó bóyá yóò rọ. Kàkà kó rọ, ó ń yọ ọmọ. Mo ní oró náà mọ ẹni tí wọ́n rán an sí. Ló bá tún júwe dókítà kan fún mi ní Moniya. Háà! Kí ló kan òun àti ara mi?

Ọjọ́ tí òòyì kọ́ mi tí mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni Bàbá Sanmí ní bí n kò bá lọ sọ́sibítù, àwọn máa gbé mi lé ọ̀kadà bí àpò gàárì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò lọ sí Moniya. Ìyànà Ọ̀fà ni mo lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí.

Ọmọdébìnrin kan tó wọ híjáàbù ni dókítà náà, Kifayah lorúkọ rẹ̀, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Tọ́lá, àfi bí ẹni pé ó ń gbé nínú yàrá mi. Ó ní ṣé ooru a máa ṣàdédé mú mi kí òógùn sì bò mí? Ṣé oorun kò kùn mí mọ́? Ṣé mo máa ń kanra mọ́ àwọn ará ilé láìnídìí? Mo wò ó títí. Mo bi í ní tààrà pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín sọ̀rọ̀ mi?” Ó rẹ́rìn-ín títí gègé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ obìnrin nìyẹn bí nǹkan oṣù bá fẹ́ dágbére. A máa lọ, a máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà bí tèmi kì í ṣe ohun tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọjọ́ orí nìkan. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mo ní ìwọ̀nba tó kù náà lẹ tún ń fà yìí? Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilé ọmọ, kí òun mọ̀ bóyá kókó kan wà níbẹ̀. Ó tún ní kí n máa mu omi úgù. N kò sọ fún un pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bá mi mu ún.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni mo rí? Ìyá Múyì! Ó fa gèlè bo iwájú orí, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo ní, “O tẹ̀ lé mi débí?” Ó ní èmi ni mo tẹ̀ lé òun! Díẹ̀ ló kù ká wọ̀yá ìjà kí nọ́ọ̀sì tó lé wa síta. Ẹ̀gbẹ́ géètì ló ti wá bú sẹ́kún. Ó ní tòun ti dúró láti ọdún tó kọjá. Ó ní nígbà tó kọ́kọ́ dúró, òun ṣì máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ìdí máńgòrò lóṣooṣù láìṣe nǹkan kan, kí Bàbá Múyì tó ń wá ọmọkùnrin má baà mọ̀ pé ọjà ti tú. Ìgbà tí èmi bọ́ síta tí kò sẹ́ni tó máa darí orin ló tó pa á tì. Dókítà Moniya tó sì júwe fún mi, kí n má baà gba Ìyànà Ọ̀fà ká òun mọ́ ni. O ò rí i pé kò ṣàì ní nǹkan tó ń fi pamọ́! Mo gbà á gbọ́, àmọ́ kò tíì tán nínú mi. Ó ní òun máa sìn mí lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n omi tí mo máa mu lọ́nà, ilé ni mo ti máa bù ú.

Ẹ̀rù ń bà mí, Tọ́lá. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, inú ni wọ́n ní ó ń run wọ́n. Títí a fi sin wọ́n, kò sí obìnrin ilé wa kan tó sọ fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bá mi kí Bàbá Ànú àti gbogbo ilé. Sọ fún Ànú pé mo rí súwẹ́tà tó fi ránṣẹ́, ooru tó ń mú mi ni kò jẹ́ kí n tíì wọ̀ ọ́.

Ó ku ohun kan. Níbi Ìkórè èṣí tí o wá, tó bọ́ sí àsìkò tèmi, o dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, o padà wá bá mi nídìí máńgòrò, o ní tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójú ọ̀nà ni. Mo fún ọ ní páàdì. Nígbà tí o lọ tán, mo bá a lábẹ́ bẹ́ńṣì, o kò tú u rárá. Òjò sì ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn ń gbọ̀n, ìwọ nìkan lò ń fi ìwé orin fẹ́ ara. Mo rí ọ o.

Ṣé tìrẹ náà ni o ń fi pamọ́, Tọ́lá, àbí o kàn fẹ́ bá mi jókòó? Má kọ èsì sínú ìwé. Wá ní Ọjọ́bọ̀, kí o bá mi jókòó lọ́sibítù, kí o sì fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tó ń fura sí ọ, tó sì ń retí rẹ,

Leah
(Ìyá Sanmí)