Orúkọ Tí A Ń Dúró Dè

Bàbá Mardiyah,

Mo ti bímọ, oṣù rẹ̀ kò sì pé. Ọkùnrin ni. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún yín kẹ́ ẹ tó parí ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní Jámánì yẹn.

Bàbá onílé wa n'Ígàǹdo ló bá yín pe ìrun sí i létí. Wọ́n ní, "Ọmọ ọ̀mọ̀wé nìyí jàre, wò ó bó ṣe ń fetí sílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ dáadáa, kì í sunkún. Ara tèmi náà ń yá, ṣá. Ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Tí mo bá ti tòògbé, mo máa ń rí yín tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ìkómọ fáwọn òyìnbó, tọ́mọ wa ń sùn nínú àpò kóòtù yín, láìlórúkọ.

Jímọ̀ la ó kó o jáde. Mardiyah ń kí yín. Orúkọ wo ni ká sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.